‘Aládùúrà’, ‘S.U.’ àti Ẹni tí ó Gba Ọlọ́run Gbọ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àwọn ìnagijẹ tí àwùjọ ń fún Kìrìsìtẹ́nì tí ó bá mú ẹ̀sìn rẹ̀ ní òkúnkúndùn, nítorí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa kọ wọ́n sínú àròkọ, àwa olùkọ́ a sì máa fi yíǹkì pupa fa ìlà sí wọn nídìí láìṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 11:26 sọ pé Áńtíókù ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà pé àwọn ará ìta ni ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ‘Aládùúrà’ ni ó gbajúmọ̀ jù. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbára lé àdúrà, bí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, àti ìsọjí Iléṣà ti 1930, ni ó sọ orúkọ náà di ńlá. ‘Oní’ àti ‘àdúrà’ ni ó para pọ̀ di í. Ọ̀rọ̀ àdúrà fúnra rẹ̀ wá láti inú èdè Lárúbáwá, nítorí náà ohun tí a yá lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a fi ń dá Kìrìsìtẹ́nì mọ̀! Ìjọ tí Josiah Oṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930 tilẹ̀ fi Aládùúrà kún orúkọ ara rẹ̀.

‘S.U.’ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Scripture Union, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1867, ni ó ni lẹ́tà méjèèjì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin tí kò fi yẹtí sétí, tí ó sì kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ lọ sóde àríyá, S.U. ni, ìbáà má mọ ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé. Bí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè ohun tí ó gbà gbọ́.

Gbólóhùn méjì yìí yóò fi ìyàtọ̀ hàn: ‘S.U. pọ́ńbélé ni’, ‘Ó gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn’. Etí wa kò gba ‘S.U. tọkàntọkàn ni’. Pọ́ńbélé ń sọ irú ènìyàn. Tọkàntọkàn ń sọ bí a ti ṣe nǹkan. Gbà...gbọ́ sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: àárín rẹ̀ ni a ń fi ẹni tí a gbà gbọ́ sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ‘gbọ́’ kì í ṣe ti etí nìkan. Ọmọ tí a ní kò gbọ́ tìyá rẹ̀ kì í ṣe adití. Ẹni tí ó gbà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ti Ẹni tí ó gbà, ìdajì ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ó ṣe.

Ní ti máàkì, bí ‘S.U.’ bá wà nínú lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ tàbí nínú ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, kí a fi í sílẹ̀. Nínú àròkọ aláàlàyé, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. ‘Gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run’, tí ó jọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa kò ní yọ máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó kọ ‘gba Ọlọ́run gbọ́’ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà fún un.