Kí Ẹ Tó Gbé Hilux Tòkunbọ̀ Yín Sókè

Ẹ bi ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn mọ́tò pé kí ló máa kọ́kọ́ ṣe sí Hilux tòkunbọ̀ kó lè máa wọnú igbó. Kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì: "Màá gbé e sókè, màá ki táyà gìrìwò sí i, màá wá to iná sórí ẹ̀." Ó rẹwà lójú lóòótọ́, ẹni tó bá rí i á yà á ní fọ́tò. Àmọ́ ẹrẹ̀ ò mọ fọ́tò. Òfin físíìsì lẹrẹ̀ mọ̀, òfin yẹn kì í sì í gba rìbá.

Ìwádìí omi ni mò ń ṣe fún oyè Másítà. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta máa ń lọ bu omi kànga àti bóhò láwọn abúlé Òkè-Ògùn, lápá Ìgbẹ́tì, Kìṣí àti Ìgbòho, ká lè mọ̀ bóyá bakitéríà inú ìgbẹ́ ti wọnú ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ní aago tiẹ̀. Tá a bá ti bu omi tán, inú kúlà tó ní yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí 24 tó pé. Tó bá dé láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó tún dáa jù. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn bakitéríà náà lè kú tàbí kí wọ́n pọ̀ sí i, èsì tá a máa rí kì í wá í ṣe èsì kànga yẹn mọ́. Torí náà, tí mọ́tò bá rì sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé àwọn ará abúlé kan á ṣì máa mu omi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó dáa.

Owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa láti tún ọkọ̀ ṣe kí òjò tó dé. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ká gbé ọkọ̀ sókè ní íǹṣì mẹ́rin. Awakọ̀ wa, bàbá kan tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù lápá ibẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, táyà àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò." Mo mú bírò àti bébà, mo fi ìṣirò wò ó. Ohun tí mo rí rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló wá láti ìlú òtútù. Níbẹ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á fọ́n sábẹ́ ọkọ̀, á sì wà níbẹ̀. Ìpẹtà tó ń jẹ irin, iṣẹ́ kẹ́míkà ni, iná mànàmáná kékeré sì máa ń rìn nínú ẹ̀. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná yìí kọjá ju omi lásán lọ, ìdí nìyẹn tí irin fi ń tètè jẹ.

Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun abẹ́ ọkọ̀ kó lè dà bíi tuntun lè bo ihò mọ́lẹ̀. Ẹ mú òòlù kékeré, kẹ́ ẹ máa rọra kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì le á dún ketekete. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ á dún bíi pé ẹ ń lu páálí. Tó bá ti jẹ níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣáásì, ẹ má náwó kankan lórí ọkọ̀ yẹn mọ́. Kò sí táyà tó lè gba ọkọ̀ tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń ṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ inú táyà

Ẹ rántí òde àríyá tí wọ́n ṣe lórí koríko lẹ́yìn òjò. Ẹni tó wọ bàtà gogoro á máa rì, ẹni tó wọ sílípáàsì á máa rìn lọ ní tiẹ̀, bí ìwúwo wọn tiẹ̀ dọ́gba. Ibi tí ìwúwo ti kan ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Bí ti táyà náà ṣe rí nìyẹn. Ká ní ọkọ̀ wa pẹ̀lú ẹrù ẹ̀ wúwo tó 2,000 kílò, tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ru 500 kílò. Tí afẹ́fẹ́ inú táyà bá jẹ́ 35 psi, ojú táyà tó kan ilẹ̀ á tó nǹkan bí 200 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta bébà A4. Ẹ dín in kù sí 18 psi, ó di nǹkan bí 400. Ìwúwo kan náà, ojú ìtẹ̀ ìlọ́po méjì, ilẹ̀ á sì ru ìdajì ohun tó ń ru tẹ́lẹ̀ lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò yín.

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ ọgbọ́n yìí. Ní Iceland, ilé iṣẹ́ Arctic Trucks máa ń ki táyà ńlá sí Hilux, wọ́n á sì dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù gan-an kó lè rìn lórí yìnyín láìrì. Irú Hilux tí wọ́n tún ṣe báyẹn ni àwọn Top Gear wà lórí òkun dídì lọ sápá òpó àríwá mágnẹ́ẹ̀tì ayé ní 2007.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ kéré máa ń tẹ̀, á máa nà, á sì máa gbóná. Tẹ́ ẹ bá fi sáré lórí ọ̀dà, ó lè bẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fi ja kọ́nà lójijì, ó lè yọ kúrò lára rímù. Jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí i kẹ́ ẹ tó dé ojú títì. Fọ́kànáísà ò sí láàárín igbó, torí náà ẹ ra gééjì tó ṣeé gbára lé àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì ọkọ̀.

Gbígbé ọkọ̀ sókè ní iye tó ń gbà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn Hilux. Irin roboto kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìkòkò, differential ni wọ́n ń pè é. Òun àti axle tó so táyà méjèèjì pọ̀, ara kan náà ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi sípíríǹgì gíga gbé ọkọ̀ sókè, ara ọkọ̀ ló máa gòkè. Ìkòkò yẹn ò ní kúrò níbi tó wà, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́ òkúta! Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e sókè, ìdajì ló sì máa fún yín: táyà tó fi íǹṣì mẹ́ta ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ máa fi íǹṣì kan ààbọ̀ kún àlàfo abẹ́ ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ iye tẹ́ ẹ máa san. Gbogbo nǹkan ní ojúkò ìwúwo, ìyẹn ibi tí ẹ lè sọ pé gbogbo ìwúwo ẹ̀ kóra jọ sí. Ká ní láti àárín táyà ọ̀tún sí ti òsì jẹ́ 150 cm, tí ojúkò ìwúwo ọkọ̀ sì ga ní 65 cm sílẹ̀. Lórí bébà, ọkọ̀ yẹn máa ṣubú tí ilẹ̀ bá dagun tó dígíríì 49. Ẹ gbé e sókè ní 10 cm, ó di 45. Ẹ wá to ẹrù sórí òrùlé títí ojúkò ìwúwo fi tún gòkè ní 10 cm, ó di 41. Lójú ọ̀nà gidi, sípíríǹgì máa tẹ̀, táyà máa fún pọ̀, ọkọ̀ á sì ṣubú kó tó dé bẹ̀ rárá.

Kọ́nà náà ń ṣèdájọ́ pẹ̀lú ìṣirò kan náà. Láti 65 cm sí 75 cm, agbára ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ lè gbà kó tó yí máa dín ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Ọ̀nà láti Ìgbòho padà sílé sì gùn, ọ̀dà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ tá a torí ìrìn kílómítà díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ gbé sókè, a máa fi rin gbogbo ọ̀nà tó kù, pẹ̀lú ọmọ èèyàn mẹ́rin àti awakọ̀ nínú ẹ̀.

Táyà gìrìwò náà ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ táyà íǹṣì 29 tẹ́ ẹ ki íǹṣì 32 sí i, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú máa dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí míítà bá sì ń sọ pé 100 lẹ̀ ń sá, 110 lẹ̀ ń sá.

Ọ̀nà tó dà bíi páànù

Ọ̀nà yangí wa máa ń ṣe ìgbì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi páànù òrùlé. Àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta, Taberlet, Morris àti McElwaine, ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ lọ́dún 2007: wọ́n jẹ́ kí táyà kan máa yí lórí iyanrìn tó tẹ́jú. Wọ́n rí i pé tí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ìgbì máa yọ fúnra ẹ̀, kódà bí táyà ò ní sípíríǹgì kankan.

Ṣọ́ọ̀kì ló máa ń jìyà ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti sọ gbígbọ̀n ọkọ̀ di ooru. Tó bá ti gbọ̀n fún kílómítà tó pọ̀, òróró inú ẹ̀ á gbóná, á máa hó, ṣọ́ọ̀kì ò sì ní di nǹkan kan mú mọ́. Táyà á wá máa fò lórí ìgbì, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ bí ẹni wà lórí ọṣẹ. Kí owó yín tó lọ sórí iná òrùlé, ẹ fi ra ṣọ́ọ̀kì tó dáa.

Omi

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún pọ̀. Tí omi bá gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọlé, písítìnì á gbìyànjú láti fún un, irin inú ẹ̀ á sì tẹ̀. Snorkel máa gbé ihò yẹn sókè, ó dáa. Àmọ́ ihò kékeré mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Axle náà ń mí. Tó bá gbóná, tó sì wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á sún kì, á wá fa omi wọlé sínú òróró differential. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fà láti ibẹ̀ lọ sókè ló máa yanjú ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Ẹ má wá rò pé snorkel ti sọ mọ́tò yín di ọkọ̀ ojú omi. Ara ọkọ̀ tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 1.7, máa lé omi tó wúwo tó 680 kílò kúrò fún gbogbo 10 cm tí omi bá fi ga ju ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Iye kan náà ni omi á fi máa tì í sókè. Kí omi tó ga ní 30 cm lókè ìsàlẹ̀ yẹn, ọkọ̀ wa ti fẹ́ máa léfòó. Táyà ò ní ilẹ̀ tó máa dì mú mọ́, odò á kàn gbé e lọ. National Weather Service ti Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé omi tó ń ṣàn, tó jìn tó nǹkan bí 60 cm, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan píkọ́ọ̀pù.

Ohun tá a ṣe

A ò gbé ọkọ̀ sókè. A pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ kó lè padà sí gíga ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀. A ra táyà tó lè tẹ ẹrẹ̀ tó sì lè tẹ ọ̀dà, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà, rọ́bà axle, ṣọ́bìrì kan àti okùn ìfà. Kúlà àti ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ là ń dè wọ́n mọ́, níwájú axle ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀dì ẹ̀yìn.

Nínú gbogbo òjò ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré la fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la padà lẹ́yìn: odò kékeré kan kún ní oṣù Kẹsàn-án, bàbá awakọ̀ fi igi wọn omi, ó dé itan wọn, wọ́n ní a ò ní kọjá. Ẹni tó fẹ́ íǹṣì mẹ́rin ò jiyàn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la padà lọ bu omi abúlé tó wà lódì kejì. Ó dé yàrá àyẹ̀wò ní wákàtí méje. E. coli wà nínú kànga náà. A padà lọ sọ fún baálẹ̀ àtàwọn ìyá tó ń pọnmi níbẹ̀ pé kí wọ́n máa hó omi náà kí wọ́n tó mu ún.

Ẹ lè wo ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí nílé yín, kódà pẹ̀lú Corolla. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kan sókè, ẹ fi ẹfun pa ojú ẹ̀, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ gbé e padà, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn àmì tó wà lórí páálí náà. Ẹ jò afẹ́fẹ́ táyà yẹn títí á fi ku ìdajì, ẹ tún un ṣe lórí páálí mìíràn, kẹ́ ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ẹ má gbàgbé láti fẹ́ táyà padà o!