Àbùkù Tàbí Àlàfo?

Bí átọ́ọ̀mù bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ nínú kírísítálì, orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni àbùkù. Ẹ wo títéníọ́mù ọlọ́síjìn-méjì, tí ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ pa èérí inú omi run. Bí ó bá pé, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí 390 nanómítà lọ nìkan ni ó ń lò. Bí ọ́síjìn díẹ̀ bá ṣí kúrò lójú rẹ̀, ó lè lo ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí òfìfo bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ jí a padà sí ibi tí ó ti jáde láìṣiṣẹ́. Ohun tí ó lè gbeni, tí ó sì lè pani lára, kò yẹ ní àbùkù. Àlàfo ni a dábàá.