Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn Òkun, Yorùbá ẹ̀bá Odò Ọya

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire, bí ẹ bá dé Kábà, ìlú tí Ọbaró ti ń jọba, tí wọ́n ní "Òkun o", kíkí ni wọ́n kí yín, láti ara kíkí náà ni a sì ti mú orúkọ tí a fi ń pe Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ lápapọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ilẹ̀ wọn nà dé ìtòsí Lọ́kọ́ja ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ogun Núpé láti Bídà kó wọn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n bí odò bá ṣàn ṣàn, kì í gbàgbé ìsun rẹ̀, nítorí nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, tẹ Polyglotta Africana, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà, jáde ní 1854, ọ̀rọ̀ Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀, tí ó gbà lẹ́nu àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí a dá nídè sí Freetown. Àmọ́ ohun tí ó wù mí jù ni aṣọ ìpo àwọn Bùnú, aṣọ pupa tí a fi ń sin olóyè, tí a sì fi ń rán ẹ̀kú eégún, èyí tí àwọn ahunṣọ máa ń tú kúbùsù òyìnbó láti rí òwú rẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọ Òkun, kí ni wọ́n ń pè é nílùú tiyín?