Etíkun Ẹlẹ́rẹ̀ Máhìn

Etíkun Ẹlẹ́rẹ̀ Máhìn ni apá etíkun Nàìjíríà tí ó wà láàárín etíkun ọ̀sà Èkó àti ẹnu odò Benin. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òkìtìpupa àti Ìyànsàn wà, ló wà ní àríwá rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ pín etíkun Nàìjíríà, tí ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 853, sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, àwọn ni: etíkun ọ̀sà àti erékùṣù iyanrìn, tí ó ti Àgbádárìgì kọjá Lẹ́kí, etíkun Máhìn, Dẹ́ltà Odò Ọya, àti etíkun iyanrìn tí ó dé ẹnu odò Cross. Kì í ṣe ààlà ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi pín wọn, bí kò ṣe ohun tí omi kó jọ síbẹ̀ àti ìrísí ilẹ̀ náà. Ní Èkó, iyanrìn tí ìgbì ń tì lọ sí ìlà oòrùn ló di ilẹ̀ gbọọrọ tí ó ya òkun kúrò lára ọ̀sà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Máhìn. Ẹrẹ̀ ni òkun ń bá pàdé ní tààrà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn àfonífojì abẹ́ òkun ló ń gbé iyanrìn náà mì kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “etíkun” gbà pé òkun ní etí. Ní Máhìn, etí náà ṣòro láti tọ́ka sí. Ilẹ̀ náà tẹ́jú gan-an, nítorí náà bí omi bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹrẹ̀ púpọ̀ yóò yọ síta, àwọ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti omi. Àwòrán sátẹ́láìtì méjì tí a yà ní ọjọ́ kan náà lè fi etíkun sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwòrán Landsat ti wà láti 1972, Nàìjíríà sì fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sí òfúrufú ní 2003. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi wọ́n wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí omi ṣe kún tó nígbà tí a ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn a máa fi ibi tí koríko àti igi parí sí ṣe ààlà.

Ìsọ̀rí yìí kan ilé àwọn ènìyàn. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Odi tí a ń kọ́ sínú omi láti fi gbá iyanrìn jọ ní etíkun mìíràn kì í rí iyanrìn gbá níhìn-ín, ohun tó bá sì wúwo a máa rì sínú ẹrẹ̀. Ní agbègbè Àwóyè, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó irà, igi ibẹ̀ sì kú. Ibi tí máàpù àtijọ́ pè ní igbó ti di omi gbalasa.