Ṣé Ẹ Kò Rí I Ni, Àbí Ó Kọ̀ Yín?

Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ilé onílé ni mo sì ti máa ń ṣe é jù. Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá: kọ̀ǹpútà méjì wà nínú ilé kan, Wi-Fi kan náà ni wọ́n jọ ń lò, síbẹ̀ ọ̀kan ò lè mú fáìlì lára èkejì. Kí n tó débẹ̀, wọ́n á ti pa firewall, wọ́n á ti yọ pásíwọ̀ọ̀dù. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ kò rí kọ̀ǹpútà kejì ni, àbí ẹ rí i, ó ní òun ò gbà yín láyè? Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò papọ̀.

Ká mú àìrí ṣáájú. Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wá ìlà IPv4 Address. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.12, tí èkejì jẹ́ 192.168.1.15, ojú kan náà ni wọ́n wà. Bí èkejì bá jẹ́ 192.168.8.100 ńkọ́? Ibòmíràn ló gbà wọlé nìyẹn. Ó lè jẹ́ MiFi, ó sì lè jẹ́ hotspot fóònù ọmọ yín. Èyí tí 169.254 bá ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, kò rí router gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, Windows ló fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún Wi-Fi àlejò, torí kí àlejò má baà rí ẹ̀rọ inú ilé gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Bí nọ́ńbà bá bára mu tí wọn ò sì rí ara wọn, ẹ wo Settings, níbi tí wọ́n kọ Public àti Private sí. Windows 11 máa ń ka Wi-Fi tuntun sí Public. Ó gbà pé àárín èrò tí ẹ kò mọ̀ lẹ wà, á wá fi kọ̀ǹpútà yín pamọ́. Bí ilé yín bá ni, ẹ yí i sí Private, kí ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing. Firewall fúnra rẹ̀ á ṣí ìwọ̀nba tó yẹ, kò sídìí tí ẹ fi máa pa á.

Màmá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà pè mí. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn wà lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀, orí laptop inú yàrá ni wọ́n ti ń wò ó.

"Ọmọ mi, àná ló ṣiṣẹ́ o. Iná lọ, iná dé, ó ní òun ò mọ ibẹ̀ mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Nọ́ńbà ni ẹni tó tò ó fún wọn fi kọ ọ̀nà fódà náà: \\192.168.1.12\Foto. Nígbà tí iná dé, router pín nọ́ńbà lọ́tun, 192.168.1.17 ló kan kọ̀ǹpútà pálọ̀. Mo wọ inú router, mo so nọ́ńbà kan mọ́ ọn. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà tí ẹ kò tíì so mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so ó, orúkọ kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi kọ ọ̀nà.

Ó wá ku èyí tí ẹ rí tó sì kọ̀ yín. Àpótí kan á yọ, á béèrè orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù. Ti Wi-Fi kọ́ o, ti kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì kọ́. Ti àkáǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà ni. PIN tí ẹ fi ń wọlé láràárọ̀ ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí PIN kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe é. Àkáǹtì tí kò ní pásíwọ̀ọ̀dù rárá, Windows kì í jẹ́ kó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ẹni tó yọ pásíwọ̀ọ̀dù kí ọ̀nà lè là, ó tún dí i pa ni.

Bí ẹ bá wọlé àmọ́ tí fódà ò ṣí, ibi méjì ni àṣẹ wà: Sharing àti Security. Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni Windows ń tẹ̀ lé. Ẹ fi orúkọ ẹni náà sí méjèèjì.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló máa ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ìlànà àtijọ́ tó ń jẹ́ SMB1 nìkan ni Windows XP fi ń pín fáìlì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò tó wà nínú SMB1 wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó ń béèrè owó. Ilé ìwòsàn pọ̀ ní England tó kàn. Lọ́dún náà ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1 kúrò nínú Windows 10. Ẹni tó bá ní kí ẹ tan án padà nítorí XP kan ṣoṣo, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi flash kó fáìlì kúrò lórí rẹ̀.

Bí gbogbo èyí ò bá sì yanjú rẹ̀, kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: irú Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà IPv4 méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ tó yọ lójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi lórí fóònù, orí fóònù náà la sábà máa ń parí ẹ̀, kò ní san owó ọkọ̀ mi.