Ẹ Jẹ́ Kí A Jókòó Ti Àwọn Àgbà Wa Tí Àrùn Jẹjẹrẹ Ń Bá Fínra

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn bàbá àti ìyá wa tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Bí ilé kan bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò: owó ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ gba Mushin dé LUTH ní Ìdí-Àràbà, owó àyẹ̀wò, owó oògùn. Kò burú, owó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í fi owó rà, tí a sì ń fi du àwọn àgbà wa: kí a jókòó tì wọ́n. Oògùn kò lè bá arúgbó sọ̀rọ̀.

Kí ló ń sọ wọ́n di ẹni tó dá wà? Àkọ́kọ́, àṣírí. Àwa ọmọ á gbọ́ lẹ́nu dókítà, a ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá. Bí ìyá bá wọlé, gbogbo wa á dákẹ́. Ìyá mọ̀ pé nǹkan ń bẹ, wọn kò sì rẹ́ni bi. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù bi wọ́n pé: "Màámi, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn yìí?" Ibi tí wọ́n bá fẹ́ bọ́rọ̀ dé, ẹ bá wọn débẹ̀. Olóògbé Gani Fawehinmi kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá òun jà, títí tó fi papòdà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nínú Ráḿádáánì, lẹ́ni ọdún 71.

Ìkejì, ìbẹ̀rù. Jẹjẹrẹ kì í ràn nípa pé a fọwọ́ kan ara wa tàbí pé a jùmọ̀ jẹun. Ẹ bá wọn jẹun, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ sún mọ́ wọn.

Ìkẹta, àwẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà tó ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré, tí kò lè gbà á mọ́, lè máa rò pé òun ti di aláìwúlò. Ẹ rán wọn létí pé ìyọ̀ǹda wà fún aláìsàn nínú Súrà Baqara, áyà 184. Ẹni tí kò sí ìrètí pé yóò lè san án padà, kí ó bọ́ mìsíkínì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yan ẹni tí a ó bọ́, kí ẹ sì gbé àga wọn sídìí ìṣínu.

Ẹ tún gbọ́ o: sùúrù kì í ṣe pé kí èèyàn máa jẹ̀rora láìsọ. Ẹni tí ìrora ń pa, báwo ni yóò ṣe gbádùn àlejò? Oògùn tó ń mú ìrora ńlá rọlẹ̀ wà, mọ́fíìnì ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Òṣòdì wa níbí, ní ilé ìkóoògùn ìjọba àpapọ̀, ni àwọn ilé ìwòsàn ti máa ń wá rà á. Ẹ bi dókítà nípa rẹ̀, òun ló mọ ìwọ̀n tó yẹ. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà fún irú ìtọ́jú yìí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń bẹ aláìsàn wò nílé. Bí àgbà kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tí kò fẹ́ rí èèyàn, tó ń ní ikú sàn, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Ìyàwó ilé kan ṣoṣo kò lè máa dá ṣe é, òun náà fẹ́ ìsinmi. Ẹ̀yin jàmáà, bíbẹ aláìsàn wò jẹ́ ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí. Bí ẹ bá lọ, ẹ má pẹ́ jù, ẹ má sọ̀tàn ẹni tí jẹjẹrẹ pa. Ẹ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu wọn: orúkọ wo ni ká sọ ọmọ yìí, báwo la ṣe máa parí ìjà yìí? Àgbà tí a ṣì ń bi léèrè mọ̀ pé òun ṣì wà láàárín wa.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó má jẹ́ kí àwa náà dá wà lọ́jọ́ alẹ́ wa. Àmín.