Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́ Tí Afẹ́fẹ́ Rẹ̀ Ń Jò

Ohun tí ojú kò rí ni ó máa ń ṣòro jù láti tún ṣe. Bí ìkòkò omi bá ń jò, ilẹ̀ yóò tutù, olówó ìkòkò yóò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ dí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní àwọ̀, kì í sì í fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ó lè jáde tán láàárín òru kan kí ẹnikẹ́ni má gbúròó rẹ̀. Ìṣòro tí ó ń dojú kọ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ agunkè nìyí, àgàgà èyí tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó gbé fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ró. Ní alẹ́ wọn a fún afẹ́fẹ́ sí i dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, iwájú kẹ̀kẹ́ a ti wálẹ̀ bí ràkúnmí tí ó kúnlẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá ń jẹ yọ ni èyí: ṣé kí a ju irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ nù ni, tàbí kí a tún un ṣe?

Kí ìdáhùn tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ibi tí fọ́ọ̀kì yìí ti ṣẹ̀ wá. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, a máa gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun Òkè Tamalpais, wọn a sì máa sáré já sísàlẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n sọ ní Repack, nítorí pé ooru bíréèkì a máa yọ́ gíríìsì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn dànù, dandan sì ni kí wọ́n tún un kì lẹ́yìn eré. Ní 1977, Joe Breeze, tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣe férémù tuntun tí ó bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu. Síbẹ̀, fọ́ọ̀kì àwọn kẹ̀kẹ́ náà le gbagidi. Òkúta tí táyà bá gbá, èjìká ẹni tí ń gùn ún ni ó ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí Paul Turner dá ilé-iṣẹ́ RockShox sílẹ̀ ní 1989 ni fọ́ọ̀kì tí ń lo afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ní 1990, irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ni Greg Herbold fi gba ipò kìíní nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ òkè ti àgbáyé ní Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado.

Ẹsẹ̀ méjì ni fọ́ọ̀kì náà ní, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ páìpù tí ń wọ inú páìpù mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹsẹ̀ kan láti máa ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Inú ẹsẹ̀ kejì ni ọ́ìlì wà, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa ta pọ́nún-pọ́nún. Pístìn kan ni ó pín inú ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́ sí yàrá méjì. Afẹ́fẹ́ yàrá òkè ni ó ń gbé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ró. Ti ìsàlẹ̀ ń ti pístìn padà díẹ̀, kí fọ́ọ̀kì lè rọ̀ fún òkúta kékeré. Àwọn òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ́nà tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kúrò ní ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà gbà ju nǹkan bí pọ́n-ùn 30 sí 35 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ lè gba 100.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ wálẹ̀ ṣe ni láti mọ̀ bóyá ó ń jò lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ni gééjì ti tàn jẹ. Bí a bá so páǹpù mọ́ fáàfù lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ inú fọ́ọ̀kì yóò sá wọ inú ọ̀pá páǹpù tí ó ṣófo, gééjì yóò sì fi iye tí ó kéré sí ti àná hàn, bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun kò jò. Òtútù náà a máa tan ni jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mọ̀ pé bí àyè tí gáàsì wà kò bá yí padà, tí ooru rẹ̀ sì dínkù, ipá rẹ̀ yóò dínkù pẹ̀lú. Fọ́ọ̀kì tí ó ka 100 nígbà tí ooru wà ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò ka nǹkan bí 92 nígbà tí ooru bá wá sí 10. Kì í ṣe àìsàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀kì bá ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, tí ojú ọjọ́ kò sì yí padà, jíjò ni.

Ibi mẹ́rin ni jíjò ti sábà máa ń wá. Èkínní ni fáàfù, èkejì ni ìdérí tí ó wà lórí ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n fọkanáísà ẹ̀bá títì ní Ìbàdàn ni a fi ń mọ méjèèjì: kí a po ọṣẹ mọ́ omi, kí a fi pa ojú ibẹ̀, kí a sì máa wò ó. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Ó lè jẹ́ pé ojú fáàfù kàn dẹ̀ ni, tàbí pé òrùka abẹ́ ìdérí ti gbó. Ẹ̀kẹta ni òrùka ara pístìn. Bí ó bá jẹ́ èyí, ọṣẹ kò ní í hó, nítorí pé inú yàrá kan ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sí èkejì. Fọ́ọ̀kì yóò máa sún kì fúnra rẹ̀, kò sì ní í fẹ́ nà mọ́. Ẹ̀kẹrin ni òrùka ìsàlẹ̀ yàrá afẹ́fẹ́. Bí èyí bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ yóò bọ́ sínú páìpù ńlá, fọ́ọ̀kì yóò le, kò ní í lè wọlé dé òpin, ọ́ìlì sì lè máa yọ ní ẹnu páìpù.

Ibi tí ewu wà ni títú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú fọ́ọ̀kì ti sọ ìdérí náà di ọta ìbọn. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ tẹ fáàfù títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán, kí a ti fọ́ọ̀kì wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́rin, kí a sì tún tẹ fáàfù. Bí yàrá òkè bá ṣófo tán, tí fọ́ọ̀kì sì kọ̀ tí kò nà, afẹ́fẹ́ ti há sí yàrá ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi sípáná kàn án. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bí ọ̀nà bá mọ́, iṣẹ́ náà kò le púpọ̀. A ó yọ táyà àti bíréèkì, a ó gbé igbá sábẹ́ fún ọ́ìlì, a ó sì fa páìpù ńlá kúrò. Igi tàbí ike ni kí a fi yọ òrùka ògbólógbòó, nítorí pé irin a máa ha ojú ibi tí òrùka ń jókòó sí. Kí a nu inú páìpù mọ́, kí a sì wò ó lójú ìmọ́lẹ̀: bí ara rẹ̀ bá ti ha, òrùka tuntun kò lè ràn án, àfi kí a pààrọ̀ páìpù náà. Òrùka tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, gíríìsì àti ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwé olùṣe dárúkọ, torí pé òmíràn a máa mú kí rọ́bà wú. Kí ọ́ìlì má ṣe kan bíréèkì, kí kẹ̀kẹ́ má baà kọ̀ láti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fún afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí a máa tì í wọlé láàárín kí yàrá méjèèjì lè gba ìpín wọn, kí a tún fi ọṣẹ wò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àwọn kan yóò ní ṣíṣe wàhálà tó báyìí kò tọ́, pé kí ẹni tí ó bá lówó ra tuntun. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹni tí kò lówó máa gùn ún bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dúró. Fọ́ọ̀kì tí ó wálẹ̀ lójijì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè da ẹni sókè orí kẹ̀kẹ́. Àtúnṣe kò sì gbà ju òrùka rọ́bà kékeré tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye fọ́ọ̀kì. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni àròjinlẹ̀: láti mọ̀ bóyá àìsàn wà, láti wá ibi tí ó wà, láti yẹ ohun kan wò kí a tó lọ sí èkejì. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.